Kíì àti ìyára orin techno: èwo ni kí ẹ rà nínú Mixed In Key, rekordbox, Traktor Pro àti Serato DJ Pro?

Sọ́fúwíà fún àwọn DJ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kíì orin (ohùn tí orin dúró lé) ni ọ̀pọ̀ olùrà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Fún techno, ìyára ló ṣáájú. Orin méjì tí kíì wọn kò bára mu lè kọjá láìsí ẹni tó fura, bó bá jẹ́ pé ìlù ló pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ìyára bá fi díẹ̀ yẹ̀, gbogbo agbo ló máa gbọ́.

Ìyára

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ka BPM (iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan), àmọ́ Mixed In Key kì í ṣe ohun tí a fi ń lu orin fún agbo. Ó kàn ń yẹ orin wò ṣáájú ni. Nínú mẹ́ta yòókù, ẹ lè fi ọwọ́ tún àwọn ìlà tí sọ́fúwíà fà sórí ìlù ṣe, ìyẹn sì ṣe pàtàkì. Bó bá ka orin tó jẹ́ 130 sí 130.1, tí ẹ sì gbẹ́kẹ̀ lé sync (bọ́tìnnì tó ń mú ìyára orin méjì dọ́gba), lẹ́yìn ìlù 128 (bí ìṣẹ́jú kan) kick (ìlù ńlá) orin méjèèjì á ti fi bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 45 yàtọ̀, wọ́n á máa dún bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Ẹ fi ìlà àkọ́kọ́ sórí kick àkọ́kọ́, kí ẹ lọ wo ìparí orin: bí ìlà bá ti kúrò lórí kick níbẹ̀, BPM ni kí ẹ tún ṣe, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó yẹ orin wò, ẹ yan ààlà ìyára tó gba 120 sí 150, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orin 140 lè di 70.

Kíì

Nọ́ńbà àti lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ kíì. 8A ni Mixed In Key ń kọ fún A minor (nínú tirẹ̀, A dúró fún minor, B fún major, ìyẹn oríṣi kíì méjì). 1m ni Traktor ń kọ. rekordbox àti Serato jẹ́ kí ẹ yan bí ẹ ṣe fẹ́ kó hàn. Láti 8A, ẹ lè lọ sí 8A mìíràn, 7A, 9A tàbí 8B.

Ibi tí gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀ ni orin tó jẹ́ kick àti bass olóhùn kan ṣoṣo. Kò sí ohun tó máa sọ fún sọ́fúwíà bóyá minor ni tàbí major, ó kàn ń méfò ni. Bó bá pe 8A ní 8B, kò burú. Bó bá pe A minor ní A major, 8A ti di 11B nìyẹn, àwọn orin tó máa dábàá fún yín lẹ́yìn rẹ̀ kò ní bá a mu.

Mixed In Key ń kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì orin fúnra rẹ̀, ó sì ń fún orin ní ipele agbára láti 1 dé 10, èyí tó wúlò fún techno ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá lò ó pẹ̀lú rekordbox, ẹ yọ àmì KEY kúrò nínú ètò ìyẹ̀wò rekordbox, torí yóò kọ tirẹ̀ lé e.

Nǹkan mìíràn: bí ẹ bá sáré orin láti 128 sí 136 láìsí key lock, ohùn rẹ̀ ti gòkè ju sẹ́mítóònù kan (ìgbésẹ̀ ohùn tó kéré jù lórí dùùrù) lọ díẹ̀, 8A ti di 3A. Key lock á di kíì mú, ṣùgbọ́n bí àyípadà bá ti pọ̀, kick á máa rọ̀. Láti 130 sí 132 kò sí wàhálà, ẹ pa á.

Rírà

Bí fúláàṣì àti CDJ (ẹ̀rọ tí DJ fi ń lu orin) lẹ máa ń lò, rekordbox ọ̀fẹ́ tó: ó ń yẹ orin wò, ó sì ń kó o sórí fúláàṣì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa sanwó Traktor, bọ́tìnnì kíì sì wà nínú rẹ̀. Serato lẹ lè rà pátápátá tàbí kí ẹ máa san owó oṣooṣù. Láti yí kíì padà níbẹ̀, ẹ máa nílò àfikún kan tó ń jẹ́ Pitch 'n Time DJ, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwa ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn Serato fún techno, àfi bó bá jẹ́ òun ni kọ̀ńtírólà yín ń bá ṣiṣẹ́.

Mixed In Key ńkọ́? Ẹ fi rekordbox ọ̀fẹ́ yẹ orin 20 yín wò, kí ẹ wá fi dùùrù orí fóònù wá ohùn bass ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àṣìṣe bá pọ̀ lórí àwọn orin tó ní orin aládùn nínú, ó yẹ kí ẹ dán an wò. Bó bá jẹ́ orí àwọn onílù lásán ni, ẹ má rà á.