Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tó Bá Ní Òun Máa Tú Táyà Tírélà Ológun Kí Òun Tó Tò Wọ́n Léra

Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété tí ẹ ń kó kajú, ẹ̀yin tí ẹ ń fi Hilux gbé ẹ̀gẹ́ láti oko, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ní Èkó. Tírélà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò ni mò ń sọ, irú èyí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń kẹ́rù lẹ́yìn Humvee, jíìpù ogun wọn, tí wọ́n wá tà ní gbàǹjo nígbà tí wọn ò lò ó mọ́. Kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì o.

Èmi àtàwọn mẹ́ta tí a jọ ń ṣòwò dáwó jọ, a ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà yẹn dáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, òjò ò lè sọ ọ́ di ìpẹtà, táyà rẹ̀ ga tó ìbàdí èèyàn, kòtò ọ̀nà oko ò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Bí a ṣe máa kó wọn délé ni wọ́n ti fọgbọ́n gbà wá lówó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀,” ni ẹni tó tà á wí. “Mọ́tò kan ṣoṣo ló máa gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A máa tú táyà àwọn mẹ́ta tòkè, a máa tò wọ́n léra bí àwo.” Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, torí àwọn òyìnbó náà máa ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó mọ́tò mẹ́rin ló gbà fún mọ́tò kan. Ó ní owó iṣẹ́ títò wà nínú ẹ̀. Mo san án.

Nígbà tí wọ́n tú táyà mẹ́fà kalẹ̀ tán, ó ní kò sáyè fún wọn mọ́, pé mọ́tò tó ń lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ kejì á já wọn sí Sábó fún wa. Inú tírélà tó wà lókè pátápátá ṣófo gbayawu. Táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ì bá gbà síbẹ̀ kí àyè ṣì ṣẹ́ kù. Ojú mi rí i, orí mi ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni táyà dé. Bàbá fọkanáísà tó wà lọ́nà LAUTECH la gbé wọn lọ bá. Bàbá yí ọ̀kan gbirigbiri, ó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún nu èkejì. “Ọmọ mi, wá wo nǹkan. Rímù yìí, 16.5 ni. Táyà tí wọ́n kì sí i lára, 16 ni.” Rímù ni rímù wa, táyà kì í ṣe táyà wa.

Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ táyà á ní kí ni ààbọ̀ íńṣì. Ààbọ̀ íńṣì yẹn ń pààyàn. Táyà 16 kì í jókòó dáadáa lórí rímù 16.5, bí wọ́n bá ń fa afẹ́fẹ́ sí i, ó lè bẹ́ mọ́ ẹni tó ń fà á lójú, tàbí kó dúró dìgbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Táyà tó bá tírélà yẹn wá, 37 íńṣì ni gíga rẹ̀, 12.5 ni fífẹ̀ rẹ̀, 16.5 ni ihò rẹ̀. Ẹ wá irú rẹ̀ káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa jí i.

Nǹkan kan tún wà tí Bàbá fi hàn mí. Rímù yẹn pín sí méjì, àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké tó yí i ká ló so ó pọ̀. Ẹni tó bá lọ tú wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà, ìdajì rímù á fò lé e lójú. Bàbá kọ́kọ́ fa fáàfù yọ, ó ní ká jìnnà díẹ̀, ó dúró títí tí kò fi hó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí títò náà. Òfìfo tírélà kan tó bíi kílò 660. Mẹ́ta lórí ọ̀kan, bí a bá tiẹ̀ yọ táyà wọn kúrò, ó ṣì lé ní tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ M1101, ìyẹn orúkọ irú tírélà tí wọ́n kó fún wa, tí òun àti ẹrù rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju bíi kílò 1,540 lọ, kílò 880 péré ni ẹrù tó lè gbé. Wọ́n gbé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ lé e, wọ́n fi gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn. Ńṣe ló yẹ kí wọ́n ki gẹdú bọ abẹ́ ṣásìsì tìsàlẹ̀ kí táyà àti sípíríǹgì má gbé nǹkan kan, kí wọ́n fi pákó nínípọn dábùú kí èyí tòkè tó gúnlẹ̀, kí ṣéènì kọ̀ọ̀kan sì dé ara mọ́tò. Àwa rí etí alumíníọ̀mù tó ká kò bí etí ìwé ọmọ iléèwé.

Ẹ tún gbọ́ o: M1102 ni ẹni tó tà á ní òun ń tà fún wa, irú mìíràn tó lè tó bíi kílò 1,900 pẹ̀lú ẹrù. Láti òkèèrè, ìbejì ni wọ́n. Irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kọ irú tírélà sí ló máa ń tú àṣírí. Lára mẹ́ta nínú tiwa, ihò tí irin náà ti ṣí nìkan ló kù. Ẹ̀kẹrin kà pé M1101.

Iná rẹ̀ náà, fóòtì 24 ni, Hilux yín 12 ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní “ó ń tàn.” Kí ẹ sì kun ún kí ó tó bọ́ sí títì, àwọ̀ sójà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kọjá níwájú sójà.

Táyà ni kókó. Kí wọ́n tó tú u, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ yín sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bá tírélà wọ mọ́tò kan náà. Ẹ di ìdá kan owó mú títí wọ́n á fi dè é padà lójú yín. Nígbà tí mo pe ẹni tó tà á, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ológun ti lò ó, kò lè rí bíi tuntun.” Lẹ́yìn náà kò gbé fóònù mi mọ́.

Ó ṣì ń fi fọ́tò polówó lórí WhatsApp. Bí ẹ bá rí i, tírélà mẹ́rin tí wọ́n tò léra, tí ọkùnrin kan dé fìlà abetí ajá, tó fọwọ́ lé èyí tìsàlẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó, èmi nìyẹn.