Tọ́ọ̀ àfẹsẹ̀rìn ní Skopje: ó dáa gan-an, àmọ́ wọ́n gé ìtàn orúkọ yẹn kúrú

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún tọ́ọ̀ yìí, màá sì sọ ibi tí ìràwọ̀ kan tó kù wọlé sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò bá tíì gbọ́ nípa ẹ̀, gáìdì kan ló máa ń kó àlejò jọ sí gbàgede Makedóníà láàárín ìgboro Skopje, olú ìlú Àríwá Makedóníà, á wá fẹsẹ̀ mú yín rìn kọjá afárá olókùúta tó wà lórí odò Vardar títí dé ọjà àtijọ́ lódìkejì. Ìjà tí wọ́n bá Gíríìsì jà lórí orúkọ orílẹ̀-èdè yìí ni ìtàn tó máa ń sọ fún yín lójú ọ̀nà. Wọn ò dá iye lé e, ohun tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ máa fún un tẹ́ ẹ bá parí.

Obìnrin tó mú tiwa já fáfá, kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há ìwé sórí. Mo fẹ́ràn pé kò fi déètì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó kó wa lọ síwájú ère ńlá kan, ọkùnrin tó gun ẹṣin tó na idà sókè, ó ní ká wo bí wọ́n ṣe ń pè é. Nígbà tí ìjọba gbé e síbẹ̀ ní 2011, "Jagunjagun lórí Ẹṣin" ni wọ́n pè é, gbogbo ayé ló mọ̀ pé Alẹkisáńdà Ńlá, ọba Makedóníà ayé àtijọ́, ni, àmọ́ Gíríìsì á gbaná jẹ tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀ gangan. Ó wá ní ká sún mọ́ pátákó kékeré tí wọ́n fi síbẹ̀ ní 2019, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé inú ìtàn àti ọ̀làjú Gíríìsì ayé àtijọ́ ni Alẹkisáńdà ti wá. Ère ò kúrò níbẹ̀, ẹṣin ò kúrò, pátákó yẹn nìkan ni wọ́n fi kún un torí pé ó wà nínú àdéhùn tí ìjọba méjèèjì tọwọ́ bọ̀. Àwọn tó kù ti ń lọ, èmi ṣì ń kà á.

Ìjà orúkọ yìí fúnra ẹ̀, ó ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Gíríìsì ní agbègbè kan tó ń jẹ́ Makedóníà, ibẹ̀ ni Thessaloniki wà, nígbà tí Yugosláfíà, orílẹ̀-èdè tí ibí wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá tú ká tí àwọn ará ibí dìbò òmìnira ní oṣù Kẹsàn-án 1991, Gíríìsì fàáké kọ́rí pé wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn, pé bí ẹní ń ji ìtàn àwọn ni, ó sì lè di pé wọ́n ń wá ilẹ̀ àwọn lọ́la. Ìgbà tí àjọ UN máa gbà wọ́n wọlé ní oṣù Kẹrin 1993, orúkọ gígùn kan ni wọ́n fún wọn, "the former Yugoslav Republic of Macedonia", wọ́n sì ní kí wọ́n jókòó sábẹ́ lẹ́tà T lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táílándì nítorí "the" yẹn! Kódà àsíá tí wọ́n ní nígbà yẹn, èyí tó ní oòrùn onítànṣán 16, Gíríìsì ò jẹ́ kí wọ́n ta á ní UN. Ní oṣù Kejì 1994 Gíríìsì ti ibodè mọ́ ọjà wọn, ẹ sì rántí pé orílẹ̀-èdè yìí ò ní òkun, èbúté Thessaloniki lọjà wọn ń gbà wọlé. Oṣù Kẹsàn-án 1995 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn onígbà díẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ àsíá sí onítànṣán mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ dòní. Ní báyìí tí wọ́n ti di North Macedonia, àárín Nàìjíríà àti Norway ni orúkọ wọn bọ́ sí ní UN, gáìdì wa ló sọ ọ́ nígbà tó gbọ́ ibi tí mo ti wá, inú mi dùn gan-an.

Àwọn tọkọtaya ará Gíríìsì kan wà láàárín wa. Ọkọ já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀ pé àwọn náà rò pé wọ́n ta àwọn ni, torí ìbò 153 nínú 300 péré ni ilé aṣòfin Áténì fi gba àdéhùn Prespa, èyí tó sọ orílẹ̀-èdè yìí di Àríwá Makedóníà, wọlé ní oṣù Kìíní 2019. Gáìdì ò bá a jà, ó ní òótọ́ ni, pé lọ́dọ̀ tàwọn náà nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ló jáde nígbà tí wọ́n dìbò lé e lórí ní 2018, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ò fẹ́ orúkọ yẹn jókòó sílé ni. Kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, mo kan sáárá sí i fún ìyẹn.

Wàyí o, ibi tí ìràwọ̀ kan lọ rèé. Ó sọ bí Gíríìsì ṣe dí wọn lọ́nà àtiwọ NATO, ẹgbẹ́ ológun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn, ní Bucharest ní 2008, bí ilé ẹjọ́ àgbáyé ṣe dá wọn láre ní 2011 tí ìyẹn ò sì yí nǹkan kan padà, bí Zaev, olórí ìjọba wọn nígbà yẹn, àti Tsipras, ti Gíríìsì, ṣe pàdé létí adágún Prespa fún àdéhùn náà ní oṣù Kẹfà 2018, bí wọ́n ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ NATO ní oṣù Kẹta 2020, ó wá pàtẹ́wọ́, gbogbo wa náà pàtẹ́wọ́, ó parí. Parí báwo? Wọ́n yí orúkọ padà nítorí àtiwọ NATO àti EU, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, ti EU yẹn sì wà nílẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Fáránsé ló kọ́kọ́ dí wọn lọ́nà ní 2019, Bùlùgéríà tún gbé ti ẹ̀ dé ní 2020, ọ̀rọ̀ èdè àti ìtàn ni wọ́n gùn lé. Ní 2022 wọ́n wá sọ pé kí wọ́n fi àwọn ẹ̀yà Bùlùgéríà tó wà nílùú sínú òfin orílẹ̀-èdè kí ìjíròrò tó lè tẹ̀ síwájú, ìyẹn ló di wàhálà. Ọ̀rọ̀ orúkọ gan-an ò sì tíì tán nílẹ̀, nígbà tí ààrẹ wọn Gordana Siljanovska-Davkova búra ní oṣù Karùn-ún 2024, "Makedóníà" lásán ló dá pè, àmbásádọ̀ Gíríìsì dìde ó jáde.

Ohun tó tún dùn mí ni pé a kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Sveti Spas, ibẹ̀ ni wọ́n sin Goce Delchev sí, akọni tí Makedóníà àti Bùlùgéríà jọ ń pè ní tiwọn, 1946 ni wọ́n kó egungun ẹ̀ wá láti Sofia. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká dúró sí! Gáìdì kàn nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ni, ó ní àkókò ti lọ, nígbà tí mo sì bi í nípa Bùlùgéríà, ó ní ìyẹn gùn jù. Kí wọ́n dín ìdúró rira ohun ìrántí nínú ọjà kù jàre, kí wọ́n fi àkókò yẹn sí ibojì náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú dẹ́nà, owó ilẹ̀ wọn, dání láti fún un, yúrò kan fẹ́ẹ̀ẹ́ tó dẹ́nà 62, kí ẹ sì wọ bàtà tó rọlẹ̀ torí òkúta ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀ ọjà àtijọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti tọwọ́ bọ àdéhùn, Psarades ni, apá Gíríìsì létí adágún ló wà, tọ́ọ̀ yìí ò dé ibẹ̀, físà Schengen tó ṣì lè mú yín wọlé padà lẹ máa nílò.