Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Tó Ń Ta Jákẹ́ẹ̀tì Òjò ní Pápákọ̀ Òfurufú Ìkẹjà

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra jákẹ́ẹ̀tì, bàtà tàbí power bank lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ń rọ̀ mọ́ èrò níbi ìgbọ́kọ̀sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Inú ń bí mi gan-an. Wọ́n ṣe é fún àbúrò mi nígbà tó ń lọ sílé ìwé ní Aberdeen ní Scotland, ìlú tí òjò àti atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọkùnrin náà á gbé jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ GORE-TEX, orúkọ aṣọ tí omi kì í wọ̀, sí láyà jáde, á já pure water, á dà á sí i léjìká. Omi náà á máa yí gbirigbiri bíi ti orí ewé kókò. Ojú yín á wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fi pa ojú aṣọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ yẹpẹrẹ náà sì lè ní in. Ojú rírán ni òjò máa ń gbà wọlé. Ẹ yí inú aṣọ náà síta: ojúlówó ní téèpù tí wọ́n lẹ̀ bo gbogbo ojú rírán. Òwú lásán ló wà nínú ti àbúrò mi, òjò àkọ́kọ́ sì wọ̀ ọ́ dé síńgílẹ́ẹ̀tì.

Èyí tí wọ́n ní ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo àkọlé kékeré tó wà nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ 100% polyester ni wọ́n kọ síbi tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀, kò sí ìyẹ́ kankan níbẹ̀. Ti bàtà, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ẹ wò ó bóyá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ń là.

Power bank ló burú jù. 50,000mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, ni wọ́n kọ sára èyí tí wọ́n tà fún àbúrò mi. Bí òótọ́ bá ni, 185Wh nìyẹn (Wh ni ìwọ̀n agbára iná tí wọ́n ń lò nínú òfin ọkọ̀ òfurufú), bẹ́ẹ̀ 100Wh ni ẹnikẹ́ni lè gbé wọkọ̀ òfurufú láìgbàṣẹ. Ohun tó bá ju 160Wh lọ, kò sí àṣẹ tó lè gbé e wọlé. Bí irọ́ bá sì ni, ayédèrú lẹ rà. 20,000mAh, tó jẹ́ 74Wh, ti tó, inú báàgì ọwọ́ ló sì gbọ́dọ̀ wà.

Ohun tí wọ́n gbójú lé ni pé ẹ ò ní padà wá. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, àmọ́ ta ni yóò gbé jákẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti Scotland wá wá ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ tètè lọ sí Yábà, kí ẹ fara balẹ̀ yẹ ọjà wò. Bí àkókò bá ti lọ, ẹ rà á níbi tí ẹ bá dé sí: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2015 fún yín ní 30 ọjọ́ láti dá èyí tó bá lábùkù padà, kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Ẹni tó bá sì ti kó sí wọn lọ́wọ́, kó má pa ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́ rẹ́. Kó kọ́kọ́ fi tó báńkì rẹ̀ létí, kó tó kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà.