Láàṣì ní Àkúrẹ́: èwo ló yẹ kéèyàn náwó lé?

Láti Alágbàká títí dé ẹnu géètì FUTA, pátákó àwọn oníláàṣì pọ̀ lọ súà. Torí pé "láàṣì" ni gbogbo wọn ń jẹ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, pé owó nìkan ló yàtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnì kan ń lẹ oníṣùpọ̀, ẹnì kejì ń lẹ ẹlẹ́yọ, ìyẹn láàṣì kan sórí irun ojú kan, ẹnì kẹta ń yí irun ojú ẹni gan-an sókè, ẹlòmíràn sì ń ta oògùn tó ní ó ń mú irun gùn. Nínú gbogbo wọn, ẹlẹ́yọ ló tó owó jù, lọ́wọ́ ẹni tó mọ gúlù rẹ̀. Èyí tó sì ń pa irun ojú lára jù ni oníṣùpọ̀ tí wọ́n fi gúlù wíìgì lẹ̀, tí wọ́n wá ní kí ẹ gbé e sójú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oníṣùpọ̀ ni èyí tí wọ́n ti so irun bíi mẹ́wàá pọ̀ ní ìdí kan ṣoṣo láti ilé iṣẹ́. Kò wọ́n, ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n sì ti tó láti lẹ̀ ẹ́ sójú méjèèjì. Fún ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé tí ẹ ó ti yọ ọ́ kí ẹ tó sùn, kò sóhun tó burú níbẹ̀, bó bá jẹ́ gúlù láàṣì tó ń tètè ṣí ni wọ́n lò. Àmọ́ ìṣùpọ̀ kan yóò di irun ojú yín mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí irun wọ̀nyẹn kò dọ́gba. Ọ̀kan ti fẹ́ já, òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Bí àgbà irun bá ń já lọ, yóò fa ọmọ irun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tu. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ibi tí irun ti ń hù á rẹ̀, àlàfo á wà lójú tí màsíkárà kò ní lè bò. Gúlù dúdú tí wọ́n fi ń lẹ wíìgì tún wá burú sí i: ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní oje rọ́bà, oje yẹn sì máa ń mú ìpéǹpéjú àwọn mìíràn wú. Orí ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún ojú.

Kí ẹ tó san owó ẹlẹ́yọ, ó dáa kí ẹ mọ bí irun ojú fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ìpéǹpéjú òkè kan ní irun bíi 90 sí 150. Ẹyọ kan sí márùn-ún ń já lójúmọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, tòun ti láàṣì tó wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ padà wá fún àfikún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá rí láàṣì kan lórí ìrọ̀rí tí irun ojú tín-ín-rín kan sì wà nídìí rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ láàṣì nìkan ni, tí kò sí irun kankan lára rẹ̀, gúlù ni kò mú.

Bí iṣẹ́ gidi ṣe ń lọ nìyí. Oníbàárà á dùbúlẹ̀, á di ojú. Wọ́n á kọ́kọ́ fi fóòmù tí kò ní òróró fọ irun ojú, torí ọ̀rá ara àti àjẹkù màsíkárà kì í jẹ́ kí gúlù mú. Wọ́n á lẹ páàdì sábẹ́ ojú kí irun ìsàlẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ tòkè. Etí páàdì yẹn kò gbọ̀dọ̀ kan ẹyinjú. Bó bá kàn án, á bó ibẹ̀, ojú á sì pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀mú kékeré méjì á wọṣẹ́. Tọwọ́ kan á ya irun kan ṣoṣo sọ́tọ̀. Tọwọ́ kejì á mú láàṣì kan, á ti ìdí rẹ̀ bọ gúlù díẹ̀, á gbé e lé irun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ náà. Ìdí láàṣì gbọ̀dọ̀ fi ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan jìnnà sí awọ. Bó bá kan awọ, á máa gún yín, á máa yún. Bó bá sì jìnnà jù, á máa yí kiri títí á fi dojú kọ ẹ̀gbẹ́. Irun kan lẹ́ẹ̀kan, lójú méjèèjì, ohun tó ń gbà kò dín ní wákàtí kan àbọ̀, ó sì lè tó wákàtí méjì àbọ̀. Ẹni tó bá ní òun parí rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, oníṣùpọ̀ ló lẹ̀ fún yín, ohun yòówù kó pè é.

Ní Àkúrẹ́ níbí, gúlù ló ń ya akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sọ́tọ̀. Cyanoacrylate ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìran kan náà pẹ̀lú super glue, àmọ́ èyí tí wọ́n pò fún iṣẹ́ láàṣì ni. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di líle. Ọ̀pọ̀ nínú gúlù wọ̀nyí ń fẹ́ kí ọ̀rinrin yàrá wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà òjò, tí ilẹ̀ tutù tí BEDC sì tún mú iná lọ, ọ̀rinrin inú ṣọ́ọ̀bù á kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Gúlù á ti le kí láàṣì tó balẹ̀ sórí irun. Ẹ ó wo dígí, ẹ ó rò pé ó ti mú, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti ń já bọ́. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ẹfun nídìí láàṣì, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì rẹ̀ ni: gúlù á lọ́ra, láàṣì méjì á lẹ̀ mọ́ra wọn, èéfín gúlù á sì pẹ́ lójú tí omi á máa dà.

Nítorí náà, bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ògiri kí ẹ tó wo àwòrán tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin wà níbẹ̀? Ṣé AC ń ṣiṣẹ́, ṣé jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà wà tó lè gbé e bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́? Ṣé wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìgò gúlù sára rẹ̀? Gúlù tí wọ́n ti ṣí kì í dáa ju oṣù kan sí méjì lọ. Wọ́n gbọ̀dọ̀ mi ìgò náà dáadáa kí wọ́n tó kán an, kí wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀kán gúlù ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún síra wọn. Ẹni tó ń lo ẹ̀kán kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú kan á mú, ojú kejì á já.

Ìwúwo náà ṣe pàtàkì. Láàṣì tó nípọn tó 0.15 mìlímítà ló bá ọ̀pọ̀ irun ojú mu fún ẹlẹ́yọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 0.20 tàn yín pé ó ń tètè hàn: 0.20 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì 0.15 ní ìwúwo, bí gígùn wọn bá dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ́ kó kún, ẹ ní kí wọ́n fi 0.07 tàbí 0.05 ṣe abẹ̀bẹ̀, kí wọ́n gbé mẹ́ta sí márùn-ún tó fẹ́lẹ́ sórí irun kan. Gígùn rẹ̀ kò yẹ kó ju irun ojú yín lọ ní mìlímítà méjì sí mẹ́ta. Ní ti bó ṣe ká, tí wọ́n ń fi lẹ́tà pè, C dáa fún ojoojúmọ́, D fún ẹni tó fẹ́ kó ká sókè dáadáa. "Mink" (orúkọ ẹranko onírun kan) tí wọ́n ń pè púpọ̀ nínú wọn, ike ni. Èyí kì í ṣe àléébù, àmọ́ ooru ń yí i. Ẹni tó ń din àkàrà tàbí tó ń ṣí ààrò búrẹ́dì ní láti gbé ojú sẹ́yìn.

Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lẹ láàṣì mélòó kan fún yín ní ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, láti mọ̀ bóyá gúlù bá ara yín mu. Kí ojú ta díẹ̀ torí èéfín, kó sì lọ lọ́jọ́ náà, èyí yàtọ̀. Bí ìpéǹpéjú méjèèjì bá wú tí wọ́n ń yún lọ́jọ́ kejì, ara yín ló kọ gúlù náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un ṣe ló sì lè le ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ lọ yọ ọ́, kí ẹ sì rí dókítà ojú. Kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ya láàṣì láti ìdí dé orí. Ibi tó bá ti fa yín lára, irun méjì ti lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀. Kí wọ́n là á nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ yẹra fún omi àti oru gbígbóná. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá kó fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tó bá ń yan àkókò tó máa lọ, kó sì bi àáfà rẹ̀ léèrè bóyá láàṣì ń dí omi lọ́wọ́ tàbí kò dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ pẹ̀lú fóòmù tí kò lóròóró. Àwọn tó ń bẹ̀rù omi torí kó lè pẹ́ ni ìdọ̀tí àti ọ̀rá ń kó jọ sí wọn nídìí irun, tí etí ìpéǹpéjú wọn á pọ́n, tí á máa yọ èépá.

Yíyí irun sókè wà fún ẹni tí irun ojú rẹ̀ gùn díẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì dorí kodò. Kò fi kún gígùn rẹ̀ rárá. Oògùn inú rẹ̀ jọ ti pámù orí, ó sì ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí wọ́n bá gbàgbé oògùn àkọ́kọ́ sórí rẹ̀, irun á jó, á wé bí okùn.

Ní ti oògùn, èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú ni bimatoprost ìdá 0.03 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n ń pè ní Latisse. Ojú àwọn tó ń kán bimatoprost sójú nítorí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ni wọ́n ti kíyè sí i pé irun ojú ń gùn, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún irun ojú ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. Ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ ni, ní ìdí irun òkè nìkan, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀ 16 kí agbára rẹ̀ tó pé. Bí ẹ bá dá a dúró, irun á padà sí bó ṣe wà. Ó lè mú ojú pọ́n, ó lè sọ awọ ìpéǹpéjú di dúdú sí i, ó lè mú kí ojú jìn wọnú. Dókítà ló yẹ kó kọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá rí isopropyl cloprostenate lára páálí síróọ̀mù tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìran oògùn yẹn náà ni, ẹ má mú un bí ìpara lásán, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀. Òróró lárà ń mú irun dán, kò sí ẹ̀rí pé ó ń mú un gùn.

Tìróò ìbílẹ̀ tí wọ́n fi òkúta lọ̀, ẹ má lò ó. Òjé (lead), tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2011, àwọn dókítà ní Boston rí òjé lára ọmọ ọwọ́ kan tí òbí rẹ̀ ń lé tìróò tó ti Nàìjíríà wá fún.

Bí àkókò àtiyọ ẹlẹ́yọ bá tó, kírímù tí wọ́n fi ń yọ ọ́ ni kí wọ́n lò, kò gbọ̀dọ̀ jẹ́ àsítóònù. Kírímù yẹn nílò ìṣẹ́jú mélòó kan lórí gúlù, lẹ́yìn èyí láàṣì á yọ̀ kúrò fúnra rẹ̀ láìsí ìfà. Bí ẹ bá gbọ́ ìfà kékeré kan báyìí, ẹ ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n fi kírímù kún un.