Àpò Tí Wọ́n Fi Ń Gbin Ẹ̀fọ́: Ohun Tí Mo Rí Lára Èyí Tí Mo Rà ní Ìkòròdú

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí ni mo ra àpò dúdú mẹ́fà tí wọ́n fi ń gbin ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta òdòdó àti irúgbìn lẹ́bàá títì ní Ìkòròdú níbí. Gbogbo àgbàlá ilé tí mo háyà ni wọ́n tẹ́ ìńtálọ́ọ̀kì sí, onílé kò sì ní gbà kí ayálégbé hú ẹyọ kan nínú rẹ̀ torí ẹ̀fọ́. Ààyè tó kù fún mi kò ju ẹ̀gbẹ́ ògiri láàárín táńkì omi àti fèrèsé ilé ìdáná lọ, kò sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. ₦3,500 ni wọ́n ń ta àpò kan pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ nínú, wọ́n sì máa ń gbé e délé. ₦1,200 ni òfìfo rẹ̀. Mo ra èyí tó ní iyẹ̀pẹ̀, nítorí mo rò pé ìyẹn ni yóò dín iṣẹ́ kù.

Àpò náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí ó yẹ fún ìyìn. Ó nípọn, ó ní etí méjì tí èèyàn lè fi gbé e, ó sì jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, èyí tó pọ̀ ju ohun tí tẹ̀tẹ̀ nílò lọ, tó sì tó fún ata rodo láti fìdí múlẹ̀ dáadáa. Àpò ìrẹsì funfun ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Oòrùn máa ń sọ ìyẹn di jákujàku láàárín oṣù mélòó kan, bí èèyàn bá sì ní kí òun gbé e kúrò lójú kan, ìdí rẹ̀ á já, iyẹ̀pẹ̀ àti gbòǹgbò á dà sílẹ̀ pọ̀. Nígbà tí àwọn bíríkìlà wá tún ògiri wa ṣe nínú òjò oṣù kẹfà, èmi àti ọmọ mi ló gbé àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí iwájú ilé, a sì tún gbé wọn padà lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, láìsí èyí tí ojú rírán rẹ̀ tú. Ihò mẹ́rin péré tó wà ní ìdí rẹ̀ nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fi irin gbígbóná lu mẹ́fà sí i lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá rà á láti ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó kó ohunkóhun sínú rẹ̀.

Ti iyẹ̀pẹ̀ ni kí a fara balẹ̀ sọ. Ilẹ̀dú, yanrìn àti ìgbẹ́ adìẹ ni wọ́n ní àwọn pò pọ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ náà kò tíì jẹrà. Mo lọ́ ṣọkọ méjìlá sínú àpò méjì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, etí ewé wọn ti pọ́n, ó ká kò, ó sì gbẹ bí ewé tí iná rà. Mo ki ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ọrùn ọwọ́: ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná bí inú ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, òórùn tó sì jáde ń ta ní imú bí ilé adìẹ tí wọn kò gbá. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń gbóná nígbà tó bá ń jẹrà, ó sì máa ń tú afẹ́fẹ́ amóníà jáde, èyí tó ń jó gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn kéékèèké.

Mo pe ìyá náà lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ kú ọjà o, mà. Àwọn ṣọkọ tí mo rà lọ́wọ́ yín ti ń jóná láti ìdí.” Wọ́n ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ yẹn sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa yí i po. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ wá gba ṣọkọ míì, n kò ní gba kọ́bọ̀.” Wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ọjọ́ tí mo sanwó ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́. Ẹni tí kò gbin nǹkan rí, tí ohun àkọ́kọ́ tó gbìn jóná lọ́jọ́ kẹrin, yóò rò pé òun kò lọ́wọ́ ìgbìn ni, yóò sì pa á tì títí ayé. Ó dùn mí pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ láàárín wa.

Ẹ̀ẹ̀kejì, iyẹ̀pẹ̀ náà wúwo jù fún àsìkò òjò. Nínú oṣù kẹfà kan náà, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, mo sì fún un mọ́ ọwọ́. Ó dì bí òkèlè ẹ̀bà, kò sì fọ́ nígbà tí mo jù ú sílẹ̀. Omi kì í tètè jò kúrò nínú irú iyẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò a sì máa rà nínú rẹ̀. Mo da iyẹ̀pẹ̀ inú àpò méjì nù pátápátá, mo sì po tèmi sínú wọn: garawa ilẹ̀dú méjì, garawa ìgbẹ́ adìẹ kan tó ti lo oṣù méjì lábẹ́ ìbòrí, àti garawa èèpo ìrẹsì kan tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti apá Ìmọ̀tà. Nínú méjèèjì yìí ni ẹ̀fọ́ mi ti ṣe dáadáa jù.

Irúgbìn inú ọ̀rá tí wọ́n fi kún un fún mi dára, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọjọ́ kankan sí i lára. Tẹ̀tẹ̀ hù láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Mo po hóró rẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kí n tó fọ́n ọn, nítorí ó kéré débi pé yóò kóra jọ sójú kan bí a bá fọ́n ọn lásán. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ti ń gé e, ó sì ti rú padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ewédú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hù rárá, ṣùgbọ́n n kò dá oníṣòwò lẹ́bi fún ìyẹn, torí èèpo hóró ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Mo ṣe bí ìyá mi ti máa ń ṣe: mo di ìyókù sínú aṣọ, mo rì í bọ omi gbígbóná fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo sì gbé e sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ó hù bò gbogbo ojú àpò.

Ugwu ti gun okùn dé orí irin fèrèsé. Tòmátì rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, àrùn tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa lásìkò òjò. N kò ní gbìn ín mọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Nígbà náà, mo mọ̀ pé dúdú àpò yìí yóò máa fa oòrùn mọ́ra, tí n ó sì ní láti máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Mo ṣì ń ra ọjà lọ́wọ́ ìyá náà. Àpò mẹ́ta ni mo fẹ́ lọ gbà lọ́jọ́ Sátidé, òfìfo ni mo sì ní kí wọ́n bá mi yà sọ́tọ̀.