Òru mẹ́ta létí Adágún Powell: àgbéyẹ̀wò ìpàgọ́ ní Lone Rock Beach

Nínú oṣù Keje tó kọjá, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì pàgọ́ fún òru mẹ́ta ní Lone Rock Beach, létí Adágún Powell, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Omi aláwọ̀ búlúù àti àpáta pupa ni gbogbo àwòrán tí a rí kí a tó lọ ń fi hàn. Kò sí èyí tí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé kò sí igi kankan létí omi náà tí ènìyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀.

Adágún yìí kì í ṣe àdáyébá. Dáàmù Glen Canyon ni wọ́n fi sé Odò Colorado, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú àfonífojì náà ní ọdún 1963, ó sì di ọdún 1980 kí ó tó kún dé òkè. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó fẹ́ pàgọ́, nítorí pé omi náà kì í dúró sójú kan. Bí yìnyín orí àwọn òkè Rocky bá ń yọ́ láti ìgbà ìrúwé wọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wọn, omi a máa gòkè, a sì lè bá ẹni tí ó pàgọ́ sún mọ́ ọn jù lórí ibùsùn. Ní ọdún tí yìnyín kò bá pọ̀, a fà sẹ́yìn, a sì fi àbààwọ́n funfun gbọọrọ sílẹ̀ lára àpáta.

Kò sí ààyè tí wọ́n fi nọ́ńbà sí. Ibi tí ó bá wù yín lórí iyanrìn ni ẹ máa wa ọkọ̀ dé. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ wa jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí sì kì mí láyà débi pé n kò ka ìkìlọ̀ nípa iyanrìn rírọ̀ sí. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ kí a dé etí omi, táyà ẹ̀yìn rì dé ìdajì. Mo ń fi ṣọ́bìrì wa iyanrìn síta, ó sì ń ya padà sínú kòtò náà bí gààrí gbígbẹ. Bàbá àgbàlagbà kan tí àgọ́ rẹ̀ wà nítòsí ni ó ní kí n yọ nínú afẹ́fẹ́ táyà. A yọ ọ́ láti 35 sí 18 lórí òṣùwọ̀n psi tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, táyà fẹjú sórí iyanrìn, ọkọ̀ sì jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Ẹ má ṣe lọ síbẹ̀ láìmú ohun tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà dání, pẹ̀lú pọ́ǹpù tí ẹ ó fi fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó bọ́ sójú títì.

Ooru ni kí n sọ òótọ́ rẹ̀ fún yín. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, irin síìpù àgọ́ ti ń jó ọwọ́. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ooru ti dé 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọmọ wa kékeré sáré bọ́ sórí iyanrìn láìwọ bàtà, ó sì dúró láàrin ọ̀nà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé èkejì, kò lè lọ, kò lè bọ̀, títí mo fi lọ gbé e. Kánópì tí a rà ni ìbòòji kan ṣoṣo tí a ní, ẹni tí ó tà á fún wa sì fi dá wa lójú pé èèkàn irin tí ó bá a wá tó láti dì í mú. Kò tó rárá. Oṣù Keje ni ìjì àrá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn aṣálẹ̀ yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn dé lójijì, àwọn èèkàn náà sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí a bá ń fa ẹ̀pà. Ẹsẹ̀ kánópì méjì tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ki iyanrìn sínú àwọn àpò, a so okùn mọ́ wọn, a sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ jìn tó ìgúnpá. Wọn kò mira títí a fi kúrò.

Omi náà dára ju bí mo ṣe retí lọ. Ó mọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ọmọ kò sì fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, nítorí náà a kò bọ́ ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn wọn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àpáta ńlá tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ a dá dúró láàrin omi, yóò dúdú ní àkọ́kọ́, kí ó tó di pupa láti orí wá sí ìdí.

A san dọ́là 30 fún ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì wà fún ọjọ́ méje. Owó ìpàgọ́ tún yàtọ̀. Ṣalángá wà, ṣùgbọ́n ẹni tí àgọ́ rẹ̀ bá jìnnà sí i gbọ́dọ̀ gbé tirẹ̀ dání. Ẹ gbé omi mímu tó lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra yìnyín ní ìlú Page, tó wà nítòsí ní ìpínlẹ̀ Arizona, ẹ rántí pé Arizona kì í yí aago rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Utah sì ń yí i; wákàtí kan ni ó wà láàrin wọn, fóònù wa sì ń yí padà láìsọ fún wa.

A óò padà lọ, ṣùgbọ́n ìparí oṣù Kẹsàn-án ni a mú, nígbà tí omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ìjì sì ti rọlẹ̀. Ìyàwó mi ti rán àpò iyanrìn mẹ́jọ sílẹ̀.