Ìkìlọ̀ fún òbí Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ: àwọn tó ń ta "enzyme" fún inú ọmọ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má tíì fi owó MoMo yẹn ránṣẹ́. Àwọn kan ń wọlé wọ̀de pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ìgò oògùn. Wọ́n ní ọmọ tí kò sanra, tí ìgbẹ́ gbuuru kò tán lára rẹ̀, tàbí tí kò tètè sọ̀rọ̀, oúnjẹ ni kò dà nínú rẹ̀. Wọn á ní kó di irin kan mú, irin náà ní wáyà tó lọ sínú kọ̀ǹpútà. Láìpẹ́, ìwé jáde: kò gba wàrà, kò gba ẹyin, kò gba búrẹ́dì, enzyme rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń da oúnjẹ nínú ara, ti lọ sílẹ̀. Inú àpò kan náà ni ìgò yóò ti jáde.

Irin àdìmú kò lè mọ ohun tó ń lọ nínú ìfun. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ ní kí ọmọ kan náà dì í mú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi kún ọjọ́ orí rẹ̀ tí ẹ sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá fi ìwé méjèèjì wé ara wọn.

Enzyme gidi wà o, a kò sọ pé kò sí. Pancréas tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ló ń sun ún sínú ìfun. Ọmọ tí pancréas rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ a máa jẹun bí àgbàlagbà kó má sanra. Ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun, á pọ̀, á ní epo lójú, á léfòó, òórùn rẹ̀ á sì le. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní élastase ló ń fi í hàn: bí ó bá wà lábẹ́ 200 µg nínú gíráàmù kan, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tó ki ni kí ẹ gbé lọ. Bó bá ṣàn bí omi, omi á ti là á, èsì á lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé àrùn wà.

Ìbéèrè kan ló ń tú àwọn oníṣòwò yìí fó: "Ìgbà wo ni kọ́mọ lò ó?" Bí wọ́n bá ní láàárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn kí wọ́n máa lọ. Oúnjẹ ni enzyme ń dà. Bí kò bá sí oúnjẹ, kí ló fẹ́ dà? Òkèlè àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fi gbé ojúlówó mì. Wóró kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti bò wọ́n kí omi kíkan inú àpòlúkù má bàa pa wọ́n. Fún ọmọ kékeré, wọ́n á tú u sórí ṣíbí èso kíkan tí wọ́n gún. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ lẹ́nu, omi ló máa fi sìn ín, torí wóró tó bá kù lẹ́nu á dá egbò síbẹ̀. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ògì gbígbóná kò mọ ohun tó ń tà.

Ẹ wo ara ìgò náà. Ojúlówó á kọ iye yúnítì lipase (enzyme tó ń da ọ̀rá), bí 10,000 tàbí 25,000. Bó bá jẹ́ "500 mg" nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ó tún ní ààlà: 2,500 yúnítì fún kílò kan ìwọ̀n ọmọ lórí oúnjẹ kan, 10,000 fún kílò kan lóòjọ́. Ọmọ kílò 12 kò gbọdọ̀ kọjá 30,000 lẹ́ẹ̀kan. Àpọ̀jù rẹ̀ lè mú kí ìfun ńlá le kó sì dí. Lára ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kí ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀. Èyí tí wọ́n bá ní ìbẹ́pẹ ni wọ́n fi ṣe, ohun tí àwọn ìyá ń fi í mú ẹran rọ̀ ni; kò kan ọ̀rá rárá.

Ti oúnjẹ ló tún burú jù. Wọ́n ń ta ìyẹ̀fun "aláìní gluten" lówó gọbọi. Inú àlìkámà, báálì àti seigle (ọkà ilẹ̀ òyìnbó kan) ni gluten, irú purotéènì kan, wà. Gàrí, àkàsà, iyán, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọkà bàbà, kò sí nínú ọ̀kankan. Láfún tó wọ agbádá ni wọ́n ń tà fún yín. Bí dókítà bá sì fura sí àrùn gluten, ẹ má gba búrẹ́dì àti sìpàgẹ́tì lẹ́nu ọmọ kó tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò (orúkọ àyẹ̀wò náà ni tTG-IgA pẹ̀lú àpapọ̀ IgA), torí bó bá ti ṣíwọ́ jíjẹ ẹ́, èsì lè parọ́.

Wàrà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà, bí wọ́n bá yọ gbogbo wọn pọ̀, kí ló kù? Àkàsà àti ata. Ẹsẹ̀ wíwú àti irun pípọ́n ló máa ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru líle, wàrà lè má bá inú ọmọ mu fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, á padà bọ̀ sípò. Wàgásì kì í sábà dà á láàmú, torí ṣúgà wàrà ti bá omi rẹ̀ lọ. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí èyí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tí kò wọ́n: omi ORS, zinc 20 mg lóòjọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 (10 mg bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà), àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún aràn àti giardia (kòkòrò àìfojúrí inú ìfun), àti okùn ìwọ̀n apá. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí apá rẹ̀ kò tó 115 mm, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ tọ́jú ìgò, fọ́tò àti ìwé MoMo, kí ẹ kó wọn dé iwájú dókítà. Bí ìgbẹ́ gbuuru ọmọ bá ń pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ní "ìdọ̀tí ló ń jáde", ẹ dá oògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ enzyme tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ lẹ́yìn àyẹ̀wò, tí ẹ rà ní fámásì, ẹ má dá ìyẹn dúró nítorí ìkìlọ̀ yìí.